Oníbodè Ẹ̀rọ: Bí Yíyan Fáyawọ́ọ̀lù Ṣe Kan Ìyára àti Ààbò

Ẹni tí ó bá ti Kabba wọ ilẹ̀ Ìjùmú, tí ó sì dé Ògìdì, òkè ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá. Òkúta ńláńlá jókòó ti ìlú náà bí àgbà ti í jókòó ti ọmọdé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn jagunjagun Núpé láti Bídà ń kó àwọn ènìyàn ilẹ̀ Okun lẹ́rú, orí irú òkè báwọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ náà sá gùn. Ìyọnu náà kò rọlẹ̀ títí di oṣù Kìíní ọdún 1897, nígbà tí ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà.

Kí ni òkè ń ṣe fún ẹni tí ogun ń lé? Òkè kì í ju ọ̀kọ̀, kì í sì í ta ọfà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń ṣe: ó ń sọ ọgọ́rùn-ún ọ̀nà di méjì tàbí mẹ́ta, ènìyàn díẹ̀ sì lè ṣọ́ ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ààbò yìí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọ̀nà tóóró tí kò jẹ́ kí ọ̀tá rọ́ wọlé, òun náà ni obìnrin yóò gbà sọ̀kalẹ̀ lọ pọnmi, òun náà ni àgbẹ̀ yóò gbà ru iṣu bọ̀ láti oko. Ojú ọ̀nà kan náà ni ààbò àti ìyára ti ń pàdé, bí wọn kò bá sì bá ara wọn rẹ́, ọ̀kan yóò lé èkejì lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Lónìí, kì í ṣe ọ̀nà ilẹ̀ nìkan ni ayé ń gbà wọ Ògìdì. Ó ń gba ojú òfuurufú wọ inú tẹlifóònù àti kọ̀ǹpútà. Ìlú tí Olóyè Nike Davies-Okundaye, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà, ti jáde wá ni Ògìdì, iṣẹ́ aṣọ híhun kò sì ṣàjèjì sí àwọn obìnrin ibẹ̀. Obìnrin tí ó bá hun aṣọ ní òwúrọ̀ lè fi àwòrán rẹ̀ han oníbàárà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù kí ilẹ̀ tó ṣú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ wọ yunifásítì ní láti jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, nítorí pé láti ọdún 2015 ni àjọ JAMB ti sọ ìdánwò UTME di ti orí kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà tí ire ń gbà wọlé ni ibi náà ń gbà wọlé. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ nípa oníbodè ayé òde òní, tí wọ́n ń pè ní fáyawọ́ọ̀lù.

Kí ni fáyawọ́ọ̀lù? Nígbà tí kọ̀ǹpútà kan bá ń bá òmíràn sọ̀rọ̀, kì í sọ ọ̀rọ̀ náà jáde ní odidi. Ó ń gé e wẹ́wẹ́, ó ń dì í ní ìdì kéékèèké, ó sì ń kọ ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ibi tí ó ń lọ sí ara ìdì kọ̀ọ̀kan. Fáyawọ́ọ̀lù ni ẹ̀rọ tí ó dúró ní ẹnubodè, láàárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé àti ti ìta. Ìdì tí òfin onílé bá fọwọ́ sí ni yóò jẹ́ kí ó kọjá. Èyí tí òfin kò fọwọ́ sí, yóò dá a padà, tàbí kí ó sọ ọ́ nù láìfọhùn.

Íntánẹ́ẹ̀tì ti wà kí oníbodè yìí tó wà. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá ọdún 1988, ètò kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ń jẹ́ Robert Morris kọ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ràn láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà bí iná ọ̀rùn. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 6,000 ni ó ràn dé nínú nǹkan bí 60,000 kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Ìgbà yẹn ni ojú là pé ìlú tí kò ní odi kì í sùn. Nígbà tí ó yá, ilé-iṣẹ́ DEC ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta fáyawọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1994, ilé-iṣẹ́ Check Point ti Ísírẹ́lì gbé tirẹ̀ jáde.

Láti ìgbà náà wá, iṣẹ́ oníbodè ti pín sí oríṣi mẹ́ta. Èkíní ni kí ó ka orúkọ tí ó wà lára ìdì, kí ó sì pinnu. Èkejì ni kí ó rántí: ẹni tí ó jáde láti inú ilé ní òwúrọ̀, kí ó lè dá a mọ̀ nígbà tí ó bá ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí àjèjì má bàa wọlé ní orúkọ ọmọ ilé. Ẹ̀kẹta ni kí ó tú ẹrù, kí ó yẹ inú rẹ̀ wò, kí ó tó dì í padà. Ẹ̀kẹta yìí ni ó ṣòro jù, nítorí pé èdìdì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ tí ń kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí wà. Kí oníbodè tó lè wo inú rẹ̀, ó ní láti já èdìdì náà, kí ó wò ó, kí ó sì tún fi òmíràn dì í. Iṣẹ́ ìṣirò gidi ni èyí jẹ́, orí ìdì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ti ń ṣe é.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ohun èlò ti wọlé. Oríṣi àpótí mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀.

Oríṣi kìíní ni ráútà kékeré tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ń fún oníbàárà, tàbí irú èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà. Ọpọlọ rẹ̀ kéré, owó rẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í jẹ iná púpọ̀. Ó lè ka orúkọ ara ìdì, ó sì lè rántí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ó tú ẹrù, èémí rẹ̀ yóò gé. Àwọn kan nínú irú àpótí yìí tilẹ̀ ní ọ̀nà àbùjá. Nínú ráútà MikroTik, tí ilé-iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Latvia ń ṣe, ètò kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ FastTrack: bí oníbodè bá ti fọwọ́ sí ìbánisọ̀rọ̀ kan, ọ̀pọ̀ nínú ìdì tí ó kù kò ní gba iwájú rẹ̀ kọjá mọ́. Ìyára ń pọ̀ sí i, ọpọlọ ẹ̀rọ sì ń sinmi, ṣùgbọ́n ó yẹ kí onílé mọ̀ pé ohun tí kò gba ọ̀dọ̀ oníbodè, oníbodè kò rí i.

Oríṣi kejì ni kọ̀ǹpútà lásán tí wọ́n sọ di oníbodè nípa fífi ètò bíi pfSense tàbí OPNsense sínú rẹ̀, àwọn ètò tí ènìyàn lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọpọlọ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ máa ń lágbára, ṣùgbọ́n òun nìkan ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó dára yóò bá a gbé nínú ẹrù náà. Èyí tí kò dára yóò máa pè é fún gbogbo nǹkan, bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè lórí gbogbo ṣíbí tí ó fẹ́ fọ̀. Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹni tí ó ń ra irú kọ̀ǹpútà yìí ní àlòkù wò. Láti ọdún 2010 ni ilé-iṣẹ́ Intel ti ń fi àṣẹ kan tí ń jẹ́ AES-NI sínú púpọ̀ nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, èyí tí ń jẹ́ kí iṣẹ́ èdìdì yá. Kọ̀ǹpútà tí kò ní i yóò máa fi ọwọ́ lásán ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń fi ẹ̀rọ ṣe.

Oríṣi kẹta ni àpótí tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí nìkan, tí ó ní ègé ẹ̀rọ tíntìntín, tí wọ́n ń pè ní ṣíìpù, tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn bí kò ṣe kí ó máa yẹ ìdì wò. Ilé-iṣẹ́ Fortinet, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń ṣe ṣíìpù bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Irú àpótí yìí ń yára gidigidi, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n, ọ̀pọ̀ ìgbà ni onílé sì ní láti máa san owó lọ́dọọdún kí ẹ̀rọ náà lè máa mọ orúkọ àwọn olè tuntun.

Báwo ni ènìyàn yóò ṣe mọ èyí tí agbára rẹ̀ tó? Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara àpótí ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀rọ náà ń gbé gígábíìtì kan kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n irú ẹrù wo ni? Lórí okùn Ethernet, bí ìdì kọ̀ọ̀kan bá tóbi tó báìtì 1,518, ìdì 81,274 ni ó lè kọjá nínú ìṣẹ́jú-àáyá náà. Bí ìdì kọ̀ọ̀kan bá kéré dé báìtì 64, ìdì 1,488,095 ni yóò kọjá. Ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n iye àlejò tí oníbodè ní láti bi léèrè ti pọ̀ ju ìlọ́po méjìdínlógún lọ, àyè tí ó sì ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó ìdá mílíọ̀nù kan nínú ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ó ti rí nìyẹn nígbà tí iṣu tí ìbá ti inú ọkọ̀ akẹ́rù kan wọ ìlú bá ti orí ogunlọ́gọ̀ obìnrin tí ó ru apẹ̀rẹ̀ wọ̀ ọ́. Iṣu kò pọ̀ sí i, àwọn tí oníbodè yóò kí ni ó pọ̀ sí i. Fíìmù tí ènìyàn ń wò dàbí ọkọ̀ akẹ́rù; ìpè tẹlifóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ìdáhùn kéékèèké dàbí alápẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ra fáyawọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà tí ó tóbi jù nínú ìwé ìpolówó. Nọ́ńbà yẹn sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà tí ẹ̀rọ ń ka orúkọ nìkan, tí ìdì sì tóbi. Nọ́ńbà tí ó yẹ kí ó béèrè ni èyí tí ẹ̀rọ náà lè ṣe nígbà tí gbogbo àyẹ̀wò bá ń lọ lọ́wọ́, títí kan jíjá èdìdì. Nọ́ńbà kejì yìí máa ń kéré púpọ̀ sí ti àkọ́kọ́, òun sì ni onílé yóò máa bá gbé.

Àwọn kan lè rò pé bí ẹ̀rọ bá falẹ̀, ìyára nìkan ni ó bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni kókó ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ jẹ́ kí a mú oníbodè ayé àtijọ́ kan ní ọjọ́ ọjà. Òun nìkan ni ó wà ní ẹnu odi, ẹgbẹ̀rún ènìyàn sì tò síwájú rẹ̀. Bí ó bá ń tú ẹrù kọ̀ọ̀kan, oòrùn yóò kan àtàrí kí ìdajì wọn tó wọlé. Ẹ̀fọ́ yóò rọ, àwọn ọlọ́jà yóò máa bú u, baálẹ̀ yóò sì ránṣẹ́ sí i. Kí ni yóò ṣe? Yóò ju ọwọ́ sókè, yóò ní kí wọ́n máa wọlé. Ọjọ́ náà ni amí yóò bá wọn wọlé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ń rí lónìí. Ká ní ibùdó ìdánwò kan wà ní ìlú bí Ògìdì, tí ó ní ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà, tí ẹni tí ó ni ín sì ra àpótí kékeré nítorí pé nọ́ńbà ńlá ni wọ́n kọ sí i lára. Ní ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ibẹ̀, ojú ìwé kò ṣí mọ́. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ dé, ó pa àyẹ̀wò inú ẹrù, gbogbo nǹkan sì yá bí àṣá. Inú gbogbo ènìyàn dùn, wọ́n san owó fún un, wọ́n sì gbàgbé. Kò sí ẹni tí yóò tún tan àyẹ̀wò náà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ẹ̀rọ tún falẹ̀. Àpótí wà níbẹ̀, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, onílé sì rò pé òun ní oníbodè, bẹ́ẹ̀ ni oníbodè ti sùn. Ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kò tó iṣẹ́ kì í dín ìyára kù lásán. Ó ń sún onílé láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ tí ó wọ́n jù ni ó dáàbò boni jù. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kárùn-ún ọdún 2017, ètò búburú tí ń jẹ́ WannaCry tàn ká nǹkan bí 150 orílẹ̀-èdè, ó ń ti ìwé àwọn ènìyàn pa, ó sì ń béèrè owó ìdásílẹ̀. Ilẹ̀kùn kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 445 ni ó ń gbà wọlé. Ráútà tí owó rẹ̀ kéré jù lè ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ará ìta, láìdín ìyára ẹnikẹ́ni kù. Ilé-iṣẹ́ Microsoft sì ti gbé àtúnṣe ihò náà jáde ní oṣù Kẹta ọdún kan náà, oṣù méjì ṣáájú kí olè tó dé.

Àpótí olówó ńlá pàápàá lè ní ihò. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹrin ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Palo Alto Networks kéde pé wọ́n ti rí ihò kan nínú ètò fáyawọ́ọ̀lù rẹ̀, tí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ sì ti ń gbà á wọlé. Ìwọ̀n ewu rẹ̀ jẹ́ 10 nínú 10. Ẹni tí ó tètè fi àtúnṣe sí i ni ó yọ. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ náà tí ó sì gbàgbé rẹ̀ sórí pẹpẹ ti gba olè sípò oníbodè. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ènìyàn bi ẹni tí ń ta àpótí kò mọ sí iye owó. Ọdún mélòó ni wọn yóò fi máa gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde? Àlòkù tí kò ní àtúnṣe mọ́, bí ó ti wù kí ó yára tó, odi tí ó ti wó ni.

Àṣìṣe ọwọ́ ènìyàn náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ MainOne ní Nàìjíríà ń ṣe àtúnṣe sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀, àṣìṣe sì wọ àwọn òfin asẹ́ tí ó wà ní ẹnubodè rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú 74, díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ Google yà gba Rọ́ṣíà àti Ṣáínà. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ni, kì í ṣe ọ̀tẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá ni ẹ̀rọ ibẹ̀. Òfin tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni ó ṣì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ yan ẹ̀rọ ní ìlú kékeré ní láti mọ ibi tí ìdíwọ́ wà. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Starlink ti ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà láti ojú sánmà, àwọn mìíràn sì ń lo òpó tẹlifóònù. Bí ọ̀nà tí ó wọ ilé kò bá ju mẹ́gábíìtì 50 lọ, àpótí tí ó lè gbé gígábíìtì mẹ́wàá kò ní sọ ọ́ di 51. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun já ní tòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò sì sí fáyawọ́ọ̀lù tí ó lè so ó. Oníbodè kò lè la ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Bí ilé-ìwé tàbí ilé ìwòsàn bá fẹ́ kí fáyawọ́ọ̀lù ya kọ̀ǹpútà akọ̀wé owó sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn àlejò, ọ̀rọ̀ inú ilé pàápàá yóò máa gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ìyára inú ilé ni wọn yóò fi wọn agbára àpótí náà, kì í ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ẹni tí kò bá ro èyí tẹ́lẹ̀ ni yóò pa ìyàsọ́tọ̀ náà rẹ́ lọ́jọ́ kan nítorí pé ẹ̀rọ ń falẹ̀. Iná mànàmáná náà kò ṣe é gbàgbé: kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí wọ́n sọ di oníbodè ń jẹ iná ju àpótí kékeré lọ, ẹni tí ó ń lo sólà ni yóò sì rí i nínú bátìrì rẹ̀. Oníbodè tí iná rẹ̀ kú ti di ìdènà fún onílé fúnra rẹ̀.

Ọ̀ràn yìí ti kúrò ní ti ìfẹ́ inú ẹni lásán. Òfin Nigeria Data Protection Act, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, pa á láṣẹ fún ẹni tí ó bá tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa àwọn ènìyàn láti dáàbò bò ó. Orúkọ aláìsàn, èsì ìdánwò ọmọ ilé-ìwé, nọ́ńbà báńkì alájọ: ẹrù ẹlẹ́rù ni gbogbo wọn.

Ìgbésẹ̀ tí ó yẹ kò le. Kí onílé kọ́kọ́ ka iye ẹ̀rọ tí yóò máa kọjá lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ jù, kì í ṣe ní ọjọ́ lásán. Kí ó pinnu àyẹ̀wò tí kò gbọdọ̀ dákẹ́ láé. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá àpótí tí ó lè ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí agbára díẹ̀ sì ṣẹ́ kù sílẹ̀ fún ọdún tí ń bọ̀. Kí ó sì yan ẹnì kan tí yóò máa fi àtúnṣe sí i. Bí owó kò bá tó, ó sàn kí ó ti ilẹ̀kùn púpọ̀ pa, kí ó sì ṣọ́ díẹ̀ dáadáa, ju kí ó ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa pe ara rẹ̀ ní aláàbò. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Àwọn tí ó sá gun òkè nílẹ̀ Okun kò mú gbogbo òkè tí wọ́n rí. Wọ́n wá èyí tí ọ̀nà rẹ̀ tóóró tó fún ọ̀tá, tí ó sì fẹ̀ tó fún ẹni tí ń ru omi. Ẹni tí ó bá fi irú ojú bẹ́ẹ̀ yan fáyawọ́ọ̀lù rẹ̀, ọjà rẹ̀ yóò wọlé, ọ̀tá rẹ̀ yóò sì dúró síta.